Àbá Akẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìwé Orí Ẹ̀rọ: Kí Ló Yẹ Kí Yunifásítì Wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ àbá sí àwọn aláṣẹ yunifásítì rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìwé orí ẹ̀rọ rọ́pò ìwé títẹ̀ kì í ṣàìní àwíjàre. Ìwé títẹ̀ gbówó lórí, ó wúwo nínú báàgì, igi ni wọ́n sì gé kí wọ́n tó rí bébà rẹ̀. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n ohun tí irú àbá bẹ́ẹ̀ máa ń gbójú fò ló yẹ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́ wá.

Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ti dán an wò. Lọ́dún 2009, Amazon gbé Kindle DX jáde, ẹ̀rọ ìkàwé tí iye rẹ̀ jẹ́ 489 dọ́là, àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Princeton, Arizona State àti Reed College sì gbà láti lò ó fún ìwé kíláàsì. Ní Princeton, nǹkan bí 50 akẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì mẹ́ta ló gbà á. Bébà tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Síbẹ̀ wọ́n ráhùn pé kò rọrùn láti sàmì sí ọ̀rọ̀, láti kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé, tàbí láti tètè ṣí ibi tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní Arizona State, ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ẹ̀rọ náà lè ka ìwé sókè lóòótọ́, àmọ́ kì í ka àwọn àṣàyàn tó wà lójú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò ríran kò lè dá ìwé tó fẹ́ ṣí fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì tó jẹ́ ti àwọn afọ́jú pe yunifásítì náà lẹ́jọ́ ní 2009. Oṣù kìíní ọdún 2010 ni wọ́n yanjú ẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ra ìwé títẹ̀ lè tà á fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 2013, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Thailand kan láre, ẹni tó ń ta ìwé ẹ̀kọ́ tí ilé iṣẹ́ John Wiley tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ìwé tí ènìyàn bá ti rà ti di tirẹ̀, ó lè tà á. Ti orí ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ láti kà á ni ènìyàn sábà máa ń rà, òmíràn a sì parí pẹ̀lú sáà ẹ̀kọ́. Nígbà tí Microsoft ti ìsọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa ní 2019, gbogbo ìwé tí àwọn oníbàárà ti rà níbẹ̀ pòórá. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì fi 25 dọ́là kún un fún ẹni tó ti kọ àlàyé tirẹ̀ sínú ìwé.

Òye tún wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 54 jọ, èyí tó kan òǹkàwé tó lé ní 170,000. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kà lórí bébà máa ń yé e ju èyí tó kà lójú ẹ̀rọ lọ, pàápàá nígbà tí àkókò bá há. Ìyàtọ̀ yẹn kò hàn nínú ìtàn àròsọ. Inú ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ló ti hàn, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà fún ìdánwò.

Èyí kò sọ pé kí wọ́n da àbá náà nù. Láti 2012 ni OpenStax, tó wà ní Yunifásítì Rice ní Texas, ti ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè wà á jáde, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní Nàìjíríà, yunifásítì NOUN náà gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè wà á jáde. Àṣẹ tí àwọn tó ni ìwé fi sílẹ̀ ló mú kó rọrùn fún tálákà, ẹ̀rọ kọ́.

Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé: ṣé ìwé náà yóò wà lọ́wọ́ wa lẹ́yìn sáà? Ṣé a lè kà á láìsí dátà? Ṣé ẹni tí kò ríran lè dá a lò? Ṣé ó dínwó ju ìwé àlòkù lọ, pẹ̀lú owó ẹ̀rọ? Bí ó bá dáhùn dáadáa, kí wọ́n fi kíláàsì kan dán an wò fún sáà kan, kí ẹ̀dà títẹ̀ wà ní láíbìrì, kí ẹni tó bá fẹ́ bébà sì máa lò ó. Àbá tó bá ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì yẹ ní gbígbà.