Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Fi Orúkọ Ilé Sọ Ọmọ

Àpilẹ̀kọ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ń wá lórí Google Scholar. Mo tẹ àkọlé rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò jáde. Mo tẹ gbólóhùn kan láti àárín iṣẹ́ náà, ó jáde. Àmọ́ orúkọ ilé ìkàwé ló jókòó síbi tó yẹ kí àkọlé wà, orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló sì gba ipò òǹkọ̀wé. Mo ṣí PDF náà. Ojú ìwé àkọ́kọ́, èyí tí àwọn oníláíbìrì ń pè ní kọ́fà péèjì, ló pàdé mi: lógò, orúkọ iléèwé gàdàgbà, ọjọ́ tí mo gbà á sílẹ̀, ìkìlọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àdàkọ. Àkọlé iṣẹ́ náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi ti ìwé inú páálí oògùn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ yìí wo ilé, ó wá fi orúkọ ilé gan-an sọ ọmọ.

Ibi méjì ni Google Scholar, tó dé ní 2004, ń wò kó tó mọ orúkọ ìwé kan. Èkíní fara pa mọ́ fún wa. Ẹ ṣí ojú ewé tí àká ìwé fi ṣàpèjúwe iṣẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ Ctrl àti U pọ̀. Láàárín rúdurùdu tó máa yọ, ẹ ó rí citation_title, citation_author, citation_publication_date àti citation_pdf_url. Táàgì nìyẹn: ilé ìkàwé fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé àkọlé rèé, òǹkọ̀wé rèé, ibi tí PDF wà rèé. DSpace àti EPrints, sọ́fúwíà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń ṣe àká ìwé wọn, lè kọ táàgì wọ̀nyí fúnra wọn bí ẹni tó tò wọ́n bá tò wọ́n dáadáa.

Àwọn oníláíbìrì fẹ́ràn táàgì mìíràn, Dublin Core, tí ìpàdé kan nílùú Dublin ní ìpínlẹ̀ Ohio bí ní 1995. Google ní kí wọ́n lò ó bí kò bá sí òmíràn ni, torí kò ní àyè tó dá yàtọ̀ fún orúkọ jọ́nà, nọ́ńbà ẹ̀dà àti ojú ìwé. Kenning Arlitsch àti Patrick O'Brien fi hàn ní 2012, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Utah, pé ìdí kan nìyẹn tí àká ìwé fi lè kún dẹ́nu kí Scholar má sì rí i.

Bí táàgì kò bá sí, tàbí tí kò bá dára, ẹ̀rọ á lọ síbi kejì: á ṣí PDF. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ọ̀pọ̀ PDF kò sọ fún ẹ̀rọ èwo ni àkọlé. Lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, àti ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró sí, àti bó ṣe tóbi tó. Nítorí náà ẹ̀rọ á máa méfò: èyí tó tóbi jù lókè ojú ìwé kìíní ni àkọlé, èyí tó tẹ̀ lé e ni òǹkọ̀wé. Ìlànà Google fúnra rẹ̀ dárúkọ ìwọ̀n: pọ́ìntì 24 sókè fún àkọlé, 16 sí 23 fún orúkọ àwọn òǹkọ̀wé. Ẹ wá fi kọ́fà péèjì síwájú. Lógò tó jẹ́ àwòrán kò ní í dí i lọ́wọ́, kò kúkú lè kà á bí ọ̀rọ̀. Orúkọ iléèwé tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ló máa gbé e lọ.

N kò ní kí wọ́n fa kọ́fà péèjì ya o. Bí PDF bá ti bọ́ sórí WhatsApp, tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, ojú ìwé yẹn nìkan ló ń sọ ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò lè wà lẹ́yìn ìwé? Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ níwájú dandan, kí àkọlé tóbi ju orúkọ iléèwé lọ.

Ti àwa tó ń kọ Yorùbá tún lé kún un. Ẹ fi máòsì fa ìlà sórí àkọlé nínú PDF. Bí kò bá ṣeé fà, fọ́tò lásán ni wọ́n yà, àfi kí ẹ̀rọ mìíràn kọ́kọ́ sọ fọ́tò náà di lẹ́tà. Bó bá ṣeé fà, ẹ dà á kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé àmì mìíràn ni wọ́n fi ṣe ẹ àti ọ. Ojú rí ẹ, àmì yẹn ni ẹ̀rọ kà. Ti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn náà, lẹ́yìn ti kọ́fà péèjì.

Oníláíbìrì kan tó láàánú ti gbé ojú ìwé náà sẹ́yìn, ó sì tún àkọlé tẹ̀. Google ní ìwé tuntun kì í pẹ́ wọlé, àmọ́ àtúnṣe sí èyí tó ti wà nílẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, tàbí ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kẹrin lẹ́yìn àtúnṣe náà la wà báyìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ṣì ni òǹkọ̀wé.