Láti Èkó dé Àkrà: Àlọ àti Àbọ̀ Kò Dọ́gba

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, tí ó sì ń lọ sí Àkrà ní ilẹ̀ Gáná, kí ẹnu má ṣe yà á bí ó bá sọ̀kalẹ̀ tí agogo ibẹ̀ sì tún ń wí mẹ́wàá. Ọkọ̀ náà kò fò bí iwin. Ó lo nǹkan bí wákàtí kan lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n agogo Gáná fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.

Bí ẹyẹ ti í fò, láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà dé ti Àkrà tó 400 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 250 máìlì. Ọkọ̀ tí ń sá eré 800 kìlómítà ní wákàtí kan ìbá parí rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí, bí ó bá ṣe pé eré yẹn ni ó ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ rìn lórí ilẹ̀, kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì tún dẹ eré kí ó tó balẹ̀. Kò tíì pẹ́ lókè tí ó ti ń múra àtisọ̀kalẹ̀.

Ní ti agogo, kì í ṣe oòrùn ni ó fa gbogbo ìyàtọ̀ náà. Oòrùn tí ó dé àtàrí ní Èkó yóò dé àtàrí ní Àkrà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 péré. Àdéhùn ènìyàn ni ó sọ ọ́ di wákàtí kan: láti ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti fi agogo rẹ̀ ṣíwájú ti Greenwich ní wákàtí kan, Gáná sì ń lo ti Greenwich gan-an. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ lọ yóò pàdé ìyípadà yìí ní ẹnubodè Hillacondji, nítorí agogo wa ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lò, ti Gáná sì ni Tógò ń lò.

Èrè tí a jẹ ní àlọ, a óò san án padà ní àbọ̀. Àwa fúnra wa ti jìyà rẹ̀ rí. A wà ní Àkrà nígbà tí a gbọ́ pé ìyá wa àgbà kan papòdà ní Èkó, àti pé wọn yóò sin ín ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A rí ọkọ̀ tí yóò gbéra ní agogo méjì. A ka wákàtí kan lé e, a sì ránṣẹ́ sílé pé agogo mẹ́ta ni a óò balẹ̀. Agogo mẹ́rin ni Èkó ń wí nígbà tí ẹsẹ̀ wa kan ilẹ̀ Ìkẹjà. Kí a tó fi ìwé ìrìnnà han àwọn aṣọ́bodè, kí a tó gba ẹrù wa, kí a tó la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ já, wọ́n ti bo ìyá. Erùpẹ̀ tí ó yẹ kí a bù sí i, ẹlòmíràn ni ó bá wa bù ú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń lọ ṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ ní òkú láti sin tàbí ìyàwó láti gbé, ẹ má ṣe ka wákàtí inú ọkọ̀ nìkan. Agogo ìgbéra tí a kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìlú tí ẹ ti ń bọ̀. Ti ìbalẹ̀ jẹ́ ti ìlú tí ẹ ń lọ. Ẹ wo méjèèjì, kí ẹ sì fi àkókò ẹnubodè, ti ẹrù, àti ti ojú títì kún un. Ẹni tí a wí fún, Ọba jẹ́ kí ó gbọ́.