Omi Inú Búùtù, àti Ẹ̀bi tí A Gbé Ru Aláìṣẹ̀

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú ilé yín, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ó tilẹ̀ kéré lójú, ó ná mi lówó, ó ba ìwé ìjọ jẹ́, ó sì mú mi ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ti omi tí ń wọ inú búùtù ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Ìlú Festac ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ìlú náà mọ̀ pé a kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún ńlá ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì títí di ọjọ́ 12 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1977. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán ni àwọn ìdílé kó wọ inú ilé wọnnì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sì jìnnà sí àbàtà. Nígbà tí òjò oṣù Júùnù bá dé, omi a máa pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ibẹ̀ ni kò ní àtíbàbà, ìta gbangba ni wọ́n ń sùn, òjò a sì máa pa wọ́n mọ́jú. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí wọ́n ti sin olówó wọn fún ọdún púpọ̀ ní òkè òkun kí wọn tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Rọ́bà inú wọn ti gbó kí a tó rà wọ́n. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ṣí búùtù láti mú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi sí. Òórùn bíi ti aṣọ tí kò gbẹ ni ó kọ́kọ́ pàdé mi. Ìwé náà ti rin gbingbin, tádà ti ṣàn, orúkọ àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì ti di àbàwọ́n lásán. Nígbà tí mo gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo rí i pé omi kún kòtò tí táyà ìpààrọ̀ ń gbé, jáàkì sì ti ń dípẹtà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ń bá wa fọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Sátidé gbogbo. Owó tí ó ń rí níbẹ̀ ni ó ń kó jọ láti fi san owó ìdánwò rẹ̀. Mo ránṣẹ́ pè é lójú ẹsẹ̀, mo sì bá a wí níwájú àwọn aládùúgbò pé ó ṣí búùtù sílẹ̀, ó sì da omi sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má ṣe bínú, èmi kò ṣí i rárá.” Èmi kò gbọ́. Mo ní kí ó má ṣe fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́.

Lẹ́yìn èyí, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì kan. Ó wò ó láìpẹ́, ó ní rọ́bà ẹnu búùtù ni ó ti kú. Mo san owó rọ́bà tuntun àti owó iṣẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Nígbà tí mo ṣí búùtù, omi tún ti dé. Nígbà náà ni ìyàwó mi wí fún mi pé, “Bàbá àwọn ọmọ mi, ọmọ náà kò fọ ọkọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì wá. Ta ni ó wá da èyí sí i?” N kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan kí n tó dá a.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó júwe àgbà kan fún mi ní apá Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí àtúnṣe ara ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó sọ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: “Alàgbà, omi kì í gbé ibi tí ó ti wọlé. Ibi tí ẹ ti rí i yìí, ibẹ̀ ni ó rìn dé. Ẹ jẹ́ kí a wá ibi tí ó ti gbéra.” Ó ṣàlàyé pé kòtò táyà ni ó rẹlẹ̀ jù nínú búùtù; ibi yòówù kí omi gbà wọlé, ibẹ̀ ni yóò ṣàn sí nígbẹ̀yìn. Nítorí pé ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí dà sí apá ọ̀tún, omi inú kòtò náà a máa dúró sí ọ̀tún, èmi sì rò pé ọ̀tún ni ó ti wọlé.

Ó kó ohun gbogbo inú búùtù jáde: kápẹ́ẹ̀tì, táyà, jáàkì, àti àwọn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó fi àkísà nu gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ́ kí oòrùn yá a títí ó fi gbẹ, nítorí pé ẹni tí ń wá ojú ọ̀nà omi kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi àná dàrú mọ́ ti òní. Lẹ́yìn náà, ó ka àwọn ẹnu ọ̀nà tí omi lè gbà fún mi. Èkínní ni rọ́bà ẹnu búùtù. Èkejì ni ìdí àwọn iná ẹ̀yìn, níbi tí rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà láàárín iná àti irin. Ẹ̀kẹta ni ihò atẹ́gùn tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà, èyí tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú ọkọ̀ rí ọ̀nà jáde nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹrin ni etí gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ̀karùn-ún ni ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀ mọ́ irin. Bí ọkọ̀ bá sì ti ní ìjàǹbá rí tí a tún ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ gan-an ni kí a ṣọ́ra fún. Àwọn ọkọ̀ tí ìdí éríà wọn wà lórí òrùlé, tàbí tí òrùlé wọn ń ṣí, tún ní ọ̀nà mìíràn lókè.

Rọ́bà ẹnu búùtù ni ó kọ́kọ́ dán wò. Ó fi bébà pẹlẹbẹ há a, ó ti búùtù, ó sì fa bébà náà. Ibi tí bébà bá ti yọ láìjanpata, rọ́bà kò di ibẹ̀ dáadáa. Tiwa di yíká-yíká. A jẹ́ pé owó tí mo ná lé rọ́bà tuntun kò wo àrùn náà sàn. Ó wá fi páúdà funfun kun abẹ́ àwọn iná ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ irin nínú, kí omi lè kọ ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún wa lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú hóòsì. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń fi agbára tú omi, nítorí pé ìyẹn lè ti omi wọ ibi tí òjò kò lè dé. Ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí a bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò ṣàn bo gbogbo ìsàlẹ̀, a kò sì ní mọ ẹnu ọ̀nà tí ó jẹ̀bi. Ẹni tí kò ní hóòsì lè fi ife bu omi sí i lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti dàgbà ti wọ inú búùtù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. A ti dá ìjókòó ẹ̀yìn lulẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọmọdé sínú búùtù fún irú iṣẹ́ yìí láé, nítorí pé ooru àti àìrí atẹ́gùn lè pa ènìyàn níbẹ̀.

Ihò atẹ́gùn kò jò. Iná ọ̀tún kò jò. Nígbà tí omi dé iná òsì, ohùn ti inú búùtù wá: “Ọ̀gá, ó ti dé!” Páúdà ti là ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìdí iná náà, ó gba ẹ̀yìn pákó ẹ̀gbẹ́, ó sì wọ inú kòtò táyà. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri yìí là kò ju ìbú èékánná lọ: rọ́bà pẹlẹbẹ ìdí iná náà ti gan, ó sì ti sán.

A ra òmíràn ní ọjà ohun èlò ọkọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Trade Fair, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ó tú iná náà, ó ha ìdọ̀tí àti ìpẹtà kúrò, ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó sì dè é lọ́gbọọgba láìfi agbára jù, kí iná má bàa sán. Ó tún da omi sí i, ibẹ̀ gbẹ. Kò tó ìdá mẹ́rin owó tí mo ti kọ́kọ́ ná dànù. Ó sì kìlọ̀ fún mi nípa oògùn ọ̀lẹ méjì: kí a yọ ìdérí rọ́bà tí ó wà nísàlẹ̀ kòtò kí omi lè máa jò lọ, tàbí kí a fi gọ́ọ̀mù kun ibi gbogbo láìmọ ibi tí ó ń jò. Ti ìṣáájú fi àrùn sílẹ̀ sínú ara. Ti ìkejì bo ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fi ní lè rí i mọ́. Bí omi bá sì pẹ́ nínú búùtù, yóò jẹ irin, yóò sì ba wáyà iná jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti ìyàwó mi lọ sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Níwọ̀n bí mo ti bá a wí lójú àwọn ènìyàn, mo pe àwọn aládùúgbò tí ó gbọ́ ti ìṣáájú, mo sì sọ níwájú wọn pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo san owó àwọn Sátidé tí mo lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ó ti tán.” Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò tíì tán.

Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ni mo ti tún kọ sínú ìwé tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó ń pè wọ́n fún mi láti inú àwọn ojú ìwé tí ó ti rin náà, nítorí pé ojú tirẹ̀ ríran ju tèmi lọ.