Mọ́tò Lè Dúró, Bàálù Ò Lè Dúró: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Bọ́ Sórí Bàálù Onírìmóòtù

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní mọ́tò onírìmóòtù nílé, yálà èyí tí ẹ rà ní odindi tàbí èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín tò pọ̀. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń wà á, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ọkàn yín wá ń sọ pé, "Bí mo bá lè wa mọ́tò lórí ilẹ̀, kí ló dé tí mi ò lè wa bàálù lókè?"

Ẹ lè wà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó, torí òun ló máa ń fọ́ bàálù àkọ́kọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ohun náà ni pé mọ́tò lè dúró, bàálù ò lè dúró. Bí nǹkan bá dojú rú fún mọ́tò, ẹ ó jáwọ́ lára iná, mọ́tò á dúró, ẹ ó wá ronú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàálù, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọwọ́ tí mọ́tò ti kọ́ yín láti fi gba ara yín là, ọwọ́ yẹn gan-an ló lè já bàálù bọ́.

Ohun tí mọ́tò ti kọ́ yín

Kì í ṣe pé òfo lẹ ń mú bọ̀ o. Nígbà tí mọ́tò bá kẹ̀yìn sí yín tó ń lọ, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún yín. Tó bá yí padà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín. Ẹni tí kò wa nǹkan onírìmóòtù rí, ibí yìí ló ti máa ń dà á láàmú jù. Ní tiyín, ìka yín ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi léèdì jó wáyà pọ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bátìrì LiPo, àti iṣẹ́ tí servo ń ṣe. Ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́.

Kí ló gbé bàálù dúró lókè?

Ilẹ̀ ló gbé mọ́tò. Afẹ́fẹ́ ló gbé bàálù, afẹ́fẹ́ ò sì gbé ohun tí kò rìn. Bí bàálù ṣe ń sáré lọ, apá rẹ̀ tó gbé iwájú sókè díẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á ti apá padà sókè. Òfin kẹta tí Newton kọ sílẹ̀ ní ọdún 1687 nìyẹn: bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á tì ọ́ padà.

Ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Bí ìyára bàálù bá dín kù sí ìdajì, agbára tó ń gbé e sókè kì í dín kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń rọra lọ ṣe léwu ju èyí tó ń sáré lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń ṣe. Ó rí i pé bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó fa imú rẹ̀ sókè. Ó ń fà á, ìyára ń dín kù. Bí apá bá ti dojú kọ afẹ́fẹ́ ju nǹkan bíi dígírì 15 lọ, afẹ́fẹ́ kò ní lè tẹ̀ lé ẹ̀yìn apá náà mọ́, á já kúrò lára rẹ̀. Agbára tó ń gbé bàálù á dín kù lójijì, apá kan á tẹ̀, ó di ilẹ̀. Stall ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnnì ò kú o, bátìrì ò tán. Apá ni kò rí afẹ́fẹ́ gùn mọ́.

Oògùn rẹ̀ ò bá ọgbọ́n mọ́tò mu rárá: ẹ jẹ́ kí imú bàálù lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fún un níná, kó lè ní ìyára padà. Ìdí sì nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọ lókè dáadáa. Bí bàálù bá wà ní mítà 30, àyè wà láti ṣàtúnṣe. Ní mítà 3, kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní bàálù yín wọn gíráàmù 700, apá rẹ̀ gùn tó mítà 1.2 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Bàálù yìí nílò ìyára tó tó nǹkan bíi kìlómítà 23 láàárín wákàtí kan kó má bàa já bọ́. Ẹ wá fi bátìrì ńlá tí ẹ yọ lára mọ́tò sí i, ó di gíráàmù 900. Ìyára tó kéré jù á di nǹkan bíi 26. Mọ́tò lè gbé bátìrì tó wúwo kó máa sáré lọ. Ní ti bàálù, gíráàmù kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó san owó rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ balẹ̀.

Bàálù ń yí bí ọ̀kadà, kì í yí bíi mọ́tò

Ẹ dúró sí ìkóríta kan ní Fájuyì, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yà kọ́nà. Mọ́tò á kàn yí táyà iwájú, táyà á di ilẹ̀ mú, ó ti yà. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ń sáré á kọ́kọ́ fi ara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun àti ọ̀kadà rẹ̀. Bàálù náà ń tẹ̀ kó tó yà. Kò sí ilẹ̀ tí yóò dì mú lókè, nítorí náà ó máa ń fi apá kan sísàlẹ̀, kí díẹ̀ nínú agbára tó ń gbé e sókè lè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí dáadáa kì í ṣe ọlọ́kọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n. Wilbur àti Orville Wright ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tí kò bá lè tẹ̀ kò lè yà. Ní 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, bàálù wọn fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó rin nǹkan bíi mítà 37. Nǹkan ìṣeré kékeré kan tó ń fò, tí bàbá wọn rà wá fún wọn ní ọdún 1878, ló kọ́kọ́ fa ojú wọn sí ọ̀rọ̀ fífò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ ń bá kiri, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ.

Títẹ̀ yìí ní gbèsè tirẹ̀. Bí bàálù bá tẹ̀ tó dígírì 60, tí ẹ ò sì fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìlọ́po méjì ìwọ̀n bàálù náà. Bàálù wa àná yẹn tó nílò 23, á wá nílò nǹkan bíi 33. Ẹni tó bá ń rọra lọ, tó wá yà kọ́nà kíkan bí ẹni wà lórí mọ́tò, ó ti pe stall fúnra rẹ̀. Kọ́nà tó fẹ̀, kó tẹ̀ díẹ̀, lókè: òun ni ti ẹni tó ń kọ́ ọ.

Kí lẹ lè yọ lára mọ́tò lò?

*Rìmóòtù.* Ti mọ́tò tó rí bí ìbọn, tó ní táyà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í sábà ní ju ọ̀nà àṣẹ 2 tàbí 3 lọ. Bàálù sábà máa ń nílò 4: ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún aileron tó ń mú un tẹ̀, ọ̀kan fún elevator tó ń gbé imú sókè sódò, ọ̀kan fún rudder ìrù. Èyí tó ní ọ̀pá méjì fún ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ wá. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ 2.4 GHz ni ti mọ́tò àti ti bàálù, ìyẹn ò ní kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á.

*Ẹ́ńjìnnì.* Ti mọ́tò ń yí kíkankíkan, gíà ló ń bá a dín in kù. Ẹ óò rí i lára rẹ̀ pé kv rẹ̀ jẹ́ 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ò ní gíà, ẹ́ńjìnnì gan-an ló di fáànù iwájú mú, nítorí náà nǹkan bíi kv 1000 ló bá a mu. Ẹ fi ti mọ́tò sílẹ̀ fún mọ́tò.

*Bátìrì.* Ó ṣe é lò bí ìwọ̀n àti fóltì rẹ̀ bá bá a mu. Yàrá kọ̀ọ̀kan inú LiPo jẹ́ fóltì 3.7. Tó bá kún, ó di 4.2. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 3, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Bí bátìrì mọ́tò bá tán, ẹ ó rìn lọ gbé e. Ti bàálù ò gbọdọ̀ tán lókè, ẹ máa fi fóònù ka àkókò, kí ẹ sì balẹ̀ nígbà tí ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí tí iná bá dé lóru: èèyàn á dìde, á ki gbogbo nǹkan bọ iná, á padà sùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún LiPo láé. Èyí tó bá wú tàbí tó gún lè gbaná lójijì. Ojú yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó bá ń gba iná, kó wà lórí símẹ́ńtì, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì. Tí ẹ bá sì fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ yọ fáànù iwájú kúrò. Ó ń gé ìka.

Ẹ fi ìwé dán an wò

Ẹ ká bèbà ṣe bàálù, bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Ẹ jù ú. Ẹ wá fi ìdérí báírò há a nímú, ẹ tún un jù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìdérí náà lọ sí ìrù. Ẹ óò rí i pé èyí tí ìrù rẹ̀ wúwo á gbé imú sókè, á dúró, á sì já bọ́. Stall náà nìyẹn, láìná kọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàálù onírìmóòtù. Ẹ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá. Ní ọ̀pọ̀ bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, ibi tó ti yẹ kó dúró gbọọrọ wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ apá, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti iwájú. Bátìrì ni ẹ ó máa sún síwájú sẹ́yìn títí á fi rí bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fọwọ́ ṣe é, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí dára fún un. Ṣùgbọ́n súpà gúlúù máa ń jẹ ẹ́, gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ wá.

Níbo, nígbà wo, pẹ̀lú àṣẹ ta ni?

Mọ́tò, ẹ lè wà á nínú kọ́ńpáúńdì. Bàálù ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa, ti kéde pé ẹnikẹ́ni, yálà iléeṣẹ́ tàbí ẹnì kan ṣoṣo, kò gbọdọ̀ gbé drone tàbí ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú fò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹ má sọ pé "nǹkan ìṣeré lásán ni". Ẹni tó rí i lókè ò mọ̀ pé ìṣeré ni. Ẹ bá olùkọ́ yín tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iléèwé yín sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ béèrè àṣẹ kí bàálù tó kúrò nílẹ̀.

Ní Adó, ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ wa gan-an. Pápákọ̀ òfuurufú Èkìtì, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, wà lọ́nà Ìjàn. Ọ̀nà Ìjàn yẹn kan náà ni Pólì Ìjọba Àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ apá ibẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lẹ ó ti gbé bàálù fò. Fájuyì náà ò ṣe é lò, èrò ti pọ̀ jù.

Ẹ tún wo ojú ọjọ́. Adó ga tó nǹkan bíi mítà 450 ju etíkun lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ wa fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó. Bàálù á nílò ìyára díẹ̀ sí i. Òkè sì yí wa ká. Afẹ́fẹ́ tó bá gun òkè bí Òkè Ọlọ́tà máa ń dà rú lódì kejì, bí omi odò ṣe máa ń yí lẹ́yìn àpáta. Àárọ̀ kùtù ló dára jù. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù Kẹta àti Kẹrin ò mọ ọmọ tuntun, nígbà ọyẹ́ sì rèé, kùrukùru ò ní jẹ́ kí ẹ mọ iwájú bàálù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ọ̀nà wo ni kí ẹ gbà bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ já bàálù bọ́. PicaSim wà fún ìyẹn, kò sì gba owó. Ẹ lò ó títí ọwọ́ yín á fi gbàgbé ọgbọ́n "jáwọ́ lára iná". Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a ń fi ọwọ́ jù, kí ẹ mọ ìwọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ra tàbí ṣe bàálù tí apá rẹ̀ wà lókè, tí ìpẹ̀kun apá méjèèjì sì yọ sókè díẹ̀. Irú rẹ̀ máa ń fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe bó bá tẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dúró tì yín.

Ẹ má dá a ṣe. Ní ọdún 1937, ìbejì méjì ní Amẹ́ríkà, Walter àti William Good, gbé bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rédíò darí fò ní ìlú Kalamazoo. Ọ̀kan mọ bàálù, èkejì mọ rédíò. Nílé níbí náà, àwọn ọmọ ogun òfuurufú wa gbé Gulma jáde ní Kàdúná ní ọdún 2013, wọ́n sì gbé Tsaigumi jáde ní 2018, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú ni méjèèjì. Wọ́n tóbi ju tiyín lọ dáadáa, ṣùgbọ́n òfin afẹ́fẹ́ tó gbé wọn kò yàtọ̀ sí èyí tó gbé bàálù oníbèbà tí ẹ ó jù lónìí.

Ẹ wá bèbà kan àti ìdérí báírò kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.