Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Wọ̀ Wá Lọ́rùn: Ìwé Ìlàlóye fún Òṣìṣẹ́ àti Ọ̀gá Iṣẹ́ ní Àbújá



Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé tọ̀ wá wá ní ilé ìwòsàn kì í sọ pé ọkàn àwọn ló rẹ̀. Ibà ni wọ́n máa ń pè é. “Dókítà, ibà yìí ò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lo oògùn rẹ̀ láàárín oṣù méjì.” A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a ò ní rí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀. A ó wá béèrè pé oorun ńkọ́. “Oorun kẹ̀? Aago méjì òru lojú mi ń là, fáìlì ọ́fíìsì ni mo sì ń rò títí ilẹ̀ á fi mọ́.” Orí ń gbóná, ẹ̀yìn ń ro, ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ orí. Bí fóònù bá dún, tí orúkọ ọ̀gá yọ lójú rẹ̀, àyà á já. Ìgbà tí a bá béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ibi tí wọ́n ń gbé ni ìdí ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ la kọ ìwé kékeré yìí fún, àti àwọn tó ń bá wọn gbélé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín iṣẹ́ fún ẹlòmíì la fẹ́ kó kà á jù lọ, nítorí àárẹ̀ tí iṣẹ́ bá dá sílẹ̀, bí a bá tọ́jú òṣìṣẹ́ tán tí a ò tọ́jú iṣẹ́ náà, láàárín oṣù díẹ̀ á tún padà wá jókòó síwájú wa.

Kí ni àárẹ̀ iṣẹ́?

Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ kì í rẹ̀. Àárẹ̀ tí oorun òru kan tàbí ìsinmi ọjọ́ Sátidé lè mú kúrò kò yẹ kó dẹ́rù bani. Èyí tí à ń sọ ni àárẹ̀ tí èèyàn gbé sùn, tó tún bá a lórí ibùsùn nígbà tó jí. Ní ọdún 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní New York, kọ̀wé nípa àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́. Ó rí i pé àwọn tó fi tọkàntọkàn bẹ̀rẹ̀ gan-an ni okun wọn ń tán. Burnout ló pè é, orúkọ náà sì ti wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àbújá báyìí.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń to orúkọ àìsàn gbogbo, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn ò kà á mọ́ àìsàn. Wọ́n ní ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ni, tó ń wáyé nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá pẹ́ lọ́rùn èèyàn láìsí àbójútó. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní a ó fi mọ̀ ọ́n. Okun inú á tán. Ọkàn á kúrò lára iṣẹ́, débi pé nọ́ọ̀sì tó máa ń fi ọ̀yàyà kí aláìsàn á wá máa wo aláìsàn bí ìyọnu. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ò ní ká iṣẹ́ mọ́. Lẹ́tà ojú ìwé kan á gba odindi òwúrọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àìsàn òyìnbó ni, ẹ rán an létí Aro. Lápá ìparí àwọn ọdún 1950, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n á kàwé tí wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí ọ̀nà mìíràn tí ìdààmú ọkàn ń gbà yọjú. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ yé kedere: ara làwọn èèyàn wa fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkàn wọn. Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó ra oògùn ibà. Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, ẹ má lọ gbìyànjú oògùn mìíràn ní ilé ìtajà kejì. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, nítorí àwọn náà ń mú kó rẹni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Àárẹ̀ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan lè fa èkejì. Ẹni tí iṣẹ́ sú, bó bá dé ibi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé, á bá wọn jó. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, oúnjẹ ibẹ̀ ò ní dùn lẹ́nu rẹ̀, ìlù ò sì ní wọ̀ ọ́ létí. Bí inú bá bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nílé àti níbi iṣẹ́, ẹ má dúró de ìsinmi ọdún. Ẹ wá.

Ohun tó ń fà á ní Àbújá wa yìí

Ọjọ́ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ Àbújá kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọdún 1976 ni ìjọba ṣòfin pé ibí ni yóò jẹ́ olú-ìlú, ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 sì ni wọ́n kó ìjọba kúrò ní Èkó wá síbí. Láti ìgbà náà, owó ilé ní àárín ìlú ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wà ní Kubwa, ní Lugbe, ní Zuba, ní Gwagwalada. Àwọn mìíràn wà ní Mararaba, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni. Ẹni tó fẹ́ dé ọ́fíìsì ní aago mẹ́jọ láti Mararaba, aago mẹ́rin àbọ̀ ló ti ń wẹ̀, kí ọkọ̀ tó há mọ́ Nyanya. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ló ń dúró dè é. Ọmọ á ti sùn kó tó dé. Bí ọ̀gá bá wá kọ̀wé ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé “ẹ bá mi tún èyí ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́,” wákàtí wo ló kù fún ara?

Jápa tún wà níbẹ̀. Ẹni méjì ti lọ sí Kánádà nínú ẹ̀ka tí èèyàn márùn-ún ń ṣiṣẹ́, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, iṣẹ́ èèyàn márùn-ún sì wà lọ́rùn mẹ́ta. Àwọn tó kù kì í sábà ráhùn, wọ́n á ní kí àwọn dúpẹ́ pé àwọn ríṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́gádì tó ń fi wákàtí méjìlá ṣọ́ géètì ní Maitama àti Asokoro, tí wọn ò mọ ọjọ́ ọdún yàtọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́. A ò rántí wọn tó nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn wá.

Àwa Yorùbá tó wà níbí ní ẹrù kan tó jẹ́ tiwa. Ọ̀pọ̀ ló fi ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà. Ní ilé, èèyàn á délé, á sọ pé “ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fojú mi rí lónìí,” ẹnì kan á sì dá a lóhùn. Nínú yàrá kan ní Lugbe, ògiri nìkan ló wà.

Pípọ̀ iṣẹ́ nìkan kọ́ o. Christina Maslach, tó ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní California láti àwọn ọdún 1970, fi hàn pé ó tún kan bóyá òṣìṣẹ́ ní ẹnu nínú bí yóò ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bóyá wọ́n mọ rírì rẹ̀, àti bóyá wọ́n ń ṣe déédéé láàárín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa náà ń rí i. A ti rí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ rárá tó sì dákú, torí pé lójú gbogbo ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa ń jágbe mọ́ ọn.

Ìpayà òjijì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn tó wà ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà tí bọ́ǹbù bú níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tàbí ní gáréèjì Nyanya ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014, irú wọn lè máa rí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lójú àlá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtọ́jú tó yẹ wọ́n yàtọ̀ sí ti àárẹ̀ iṣẹ́, ó sì wà.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni púpọ̀ rẹ̀ wà

Àwọn baba wa mọ̀ pé oko kan wà tí èèyàn kan kò lè dá ro. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àárò, kí ẹgbẹ́ ro oko lágbájá lónìí, kí wọ́n ro ti làkáṣègbè lọ́la, láìsí ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ju ti àárò lọ, wọ́n á bẹ ọ̀wẹ̀, oníṣẹ́ á sì se oúnjẹ fún àwọn tó wá. Bí ẹni méjì bá lọ nínú ẹ̀ka yín, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ to gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí a ó dá dúró. Ẹ má ṣe kàn pín in lé wọn lórí.

Ẹ yan wákàtí tí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kò ní wọ fóònù òṣìṣẹ́ mọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín sì kọ́kọ́ pa á mọ́. Bí iṣẹ́ bá gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Mararaba bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kó sì parí ní aago márùn-ún. Ẹ bá òṣìṣẹ́ wí nínú yàrá. Ẹ rí i pé wọ́n lọ ìsinmi ọdọọdún wọn, torí ẹni tó ń fi í pamọ́ lọ́dọọdún kò ṣe yín lóore. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ń gba bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ayé lọ́dún. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022, wọ́n ní kí a dá àwọn ọ̀gá lẹ́kọ̀ọ́, kí a sì tún ètò iṣẹ́ ṣe. “Ẹ kú iṣẹ́” látẹnu ọ̀gá náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bí ó bá jẹ́ pé ó rí ohun tí a ṣe lóòótọ́.

Òfin wà lẹ́yìn yín

Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà láti 1916, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà lòdì sí kí a yẹra fún èèyàn tàbí kí a fi ẹ̀tọ́ dù ú nítorí ìlera ọpọlọ rẹ̀, títí dé ibi iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ní ọjọ́ ìsinmi kan, odindi wákàtí 24, nínú ọjọ́ méje, kì í ṣe ojú rere ọ̀gá. Ẹ̀yin mẹ́gádì, ti yín náà nìyẹn. Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó, ka àárẹ̀ ọkàn tí dókítà tó tó bẹ́ẹ̀ bá rí i pé iṣẹ́ ló fà á mọ́ ohun tí a lè gba owó lé lórí. 

Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe

Oorun ló ṣáájú. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn, tàbí kí ẹ pa á. Obì tí ẹ ń jẹ láti fi lé oorun lọ ní irú ohun kan náà tó wà nínú kọfí. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú yín á là ní òru, ẹ ó sì fẹ́ òmíràn ní òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ọtí máa ń tètè múni sùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà jinlẹ̀. Oògùn oorun tí ẹ rà láìsí ìwé dókítà la bẹ yín jù pé kí ẹ yẹra fún. Ó ń di bárakú. Bí ẹ bá sì ti ń lò ó lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ wá kí a bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìlú yín tàbí ará ilé. A ò ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ẹ lọ, kí ẹ sì wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Kò yẹ kí àdúrà àti dókítà máa bá ara wọn jà lórí yín.

Ẹ wá lónìí

Bí ó bá ti ń wá sọ́kàn yín pé ó sàn kí ẹ kú, tàbí pé ilé á sàn láìsí yín, ẹ má dá nìkan wà. Ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ yín jù, kó tẹ̀lé yín wá sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ pe 112. Ẹ̀yin tí ẹlòmíì bá sọ irú rẹ̀ fún, ẹ má bá a wí, ẹ má sì pè é ní aláìnígbàgbọ́. Ẹ jókòó tì í. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, ó sì wà ní Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Karu.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá wá, ọ̀rọ̀ la ó kọ́kọ́ sọ, ó sì lè tó wákàtí kan. Ẹ mú nọ́ńbà ètò adójútòfò ìlera (NHIA) yín dání, kí ẹ sì bi ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o fún yín (HMO) nípa ohun tí wọn yóò san. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, títí kan àgbo. Ohun tí ẹ bá bá wa sọ kò ní dé etí ọ́fíìsì yín láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì nílò ìwé ìsinmi, ohun tí ẹ fẹ́ kí a kọ síbẹ̀ la ó jọ sọ kí a tó kọ ọ́. Ẹ lè mú ẹnì kan tẹ̀ lé ara yín.