Efinrin àti Ewúro Lẹ́yìn Ilé

Nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní Àkàkà Rẹ́mọ kú, kò sí ẹni tí ó ronú nípa efinrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tún ilé ṣe fún ìsìnkú. Wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n sì ro ẹ̀gbẹ́ ilé náà mọ́ tónítóní. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn èyí kí ojú wa tó là. Gbogbo àdúgbò ni ó ti ń já ewé lára efinrin yẹn láti ọdún pípẹ́: ẹni tí inú ń run, ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ fún abiyamọ, ẹni tí ẹ̀fọn kò jẹ́ kí ó sùn. Èmi tìkára mi wà nínú wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó gbin tirẹ̀.

Efinrin wà lọ́jà, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ti ìyá náà ní òórùn líle kan tí ó máa ń wọlé ṣáájú ẹni tí ó gbé e bọ̀, irú èyí tí mo rí lọ́jà kò sì tó o. Mo pinnu láti gbìn ín fúnra mi, mo sì fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà. Mo gbọn irúgbìn láti orí efinrin tí ó ti gbó, mo dá ihò sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbin ẹ̀wà, mo sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Koríko nìkan ni ó hù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀pọ̀ tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Irúgbìn efinrin kéré púpọ̀, kò ju hóró yanrìn lọ. Oúnjẹ tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, oúnjẹ náà yóò tán kí ọ̀mùnú rẹ̀ tó rí ìmọ́lẹ̀. Ojú ilẹ̀ ni ó ń fẹ́. Nítorí náà, ẹ wá abọ́ tánganran tí ó ti gbó, ẹ fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kó ilẹ̀ dúdú tí a ti fi ajọ̀ kù sínú rẹ̀. Ẹ po irúgbìn náà mọ́ yanrìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó má baà dà jọ sí ojú kan, kí ẹ wá fọ́n ọn káàkiri. Ẹ má ṣe bò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ má da omi lé e lórí pẹ̀lú igbá, nítorí omi yóò gbá a lọ. Ẹ fi ìka wọ́n ọn láràárọ̀. Èèrà a sì máa kó irúgbìn yìí bí ẹni tí ń kó ìkórè wálé. Èmi gbé abọ́ tèmi lé orí òkúta mẹ́ta nínú àwo omi kan, àlàáfíà sì dé. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò hù. Bí ó bá yọ ewé mẹ́fà, ó tó lọ sí ilẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ìbòòji imọ̀ ọ̀pẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ewúro kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ láti ìgbà èwe, kò yẹ kí ewúro dá wa lágara, nítorí ọ̀nà kan náà ni. Igi rẹ̀ tí ó ti gbó, tí ó tóbi tó àtàǹpàkò, ni kí a gé ní ínǹṣì 9 tàbí 10, kí a sì gbé oríkèé méjì tàbí mẹ́ta wọ inú ilẹ̀, kí ó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa mo fún àwọn ọmọ ní ọ̀pá 20 láti gbìn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá 7 tí ó dorí kodò. Ẹ̀bi olùkọ́ ni. Láti ìgbà náà, mo ń gé ìdí ọ̀pá ní ṣóńṣó, mo sì ń gé orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, tí ó fi jẹ́ pé afọ́jú pàápàá kò lè ṣì í gbìn. Bí ó bá ti ga tó eékún, ẹ máa já ọ̀mùnú rẹ̀, kí ó lè pẹ̀ka.

Kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó mọ iyì ewúro. Ní ọdún 1987, ní òkè Mahale ní ilẹ̀ Tanzania, Michael Huffman, ẹni tí ń ṣe ìwádìí nípa ẹranko, àti Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ ilẹ̀ náà, rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro, ó ń jẹ inú rẹ̀ kíkorò, ohun tí ìnàkí kì í sábà jẹ. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti yá. Kalunde mọ igi náà dáadáa, nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lò ó fún inú rírun gẹ́gẹ́ bí àwa náà.

Èyí kò sọ ewúro di dókítà o. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ni ni ó kọ́kọ́ nílò. Àgbo efinrin kò lè dá omi tí ó ti jáde lára rẹ̀ padà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá ewé kiri. N kò fẹ́ sọ bí ó ti parí.

Mo padà sí efinrin. Èyí tí mo fi irúgbìn gbìn hù nígbẹ̀yìn, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyá àgbà. Oyin a máa ti ara òdòdó efinrin kan bọ́ sí òmíràn, nítorí náà irúgbìn dà bí ọmọ: ó lè jọ ìyá, ó sì lè jọ bàbá tí a kò mọ̀. Ọ̀pá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tí a gé lára igi, igi náà gan-an ni.

Ní ọdún kejì ni ọmọbìnrin ìyá náà, tí ó ń gbé ilé ọkọ ní Ìpara, wá kí wa. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un bí àwàdà, ni ó bá ní, “Tíṣà, efinrin ìyá mi? Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi.” Ọjọ́ tí a mú un lọ sílé ọkọ ni ìyá rẹ̀ ti di ọ̀pá méjì fún un nínú ewé kókò. Mo bá a lọ. Mo gé ẹ̀ka 6 tí kò tíì yọ òdòdó, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọwọ́; mo já ewé ìsàlẹ̀ wọn kúrò, mo sì gbìn wọ́n sínú yanrìn tútù lábẹ́ ìbòòji. Méjì kú. Mẹ́rin ta gbòǹgbò.

Àwọn mẹ́rin náà ti di púpọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn ilé mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ nínú rẹ̀, kí ó mú ewé kókò tútù lọ́wọ́ wá nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú.