Ẹ̀kọ́ Tí Èkúté Kọ́ Oníṣègùn Nípa Ikọ́ Ẹ̀gbẹ

Kò sí nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà tí kò mọ ìbéèrè yìí ní àmọ̀dunjú: aláìsàn tí ó ti rù kan eegun ti lo oògùn fún oṣù méjì, ikọ́ ti dá, òógùn òru ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kún, àmàlà kì í sì í ṣẹ́ kù sínú abọ́ rẹ̀ mọ́, ó wá ń béèrè pé kí ni òun tún ń lo oògùn sí fún oṣù mẹ́rin sí i. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Ara èkúté ni a ti kọ́kọ́ rí ìdáhùn rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹranko ti ń bá wa ru ẹrù àrùn yìí, àrùn a-sọ-géńdé-di-egungun, a-wọlé-olówó-má-yọ-tálákà-sílẹ̀. Nígbà tí Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, dìde ní Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, tí ó fi kòkòrò tí ń fà á han aráyé, ohun tí ó pa àwọn àgbà oníṣègùn lẹ́nu mọ́ ni pé, bí ó bá ti fi kòkòrò náà sí ẹmọ́ òyìnbó lára, àrùn náà gan-an ní ń mú un. Koch yìí kan náà ni ó kéde ní 1890 pé òun ti rí ohun tí ó wo ẹmọ́ òyìnbó sàn. A gbé e dé ara ènìyàn, kò sì jẹ́. Ní 1944 ni Feldman àti Hinshaw, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, fi streptomycin tọ́jú ẹmọ́ òyìnbó tí ara wọn sì yá. Èyí ni ó ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mi fara balẹ̀ gbọ́ ni ti àwọn èkúté tí Robert McCune àti Walsh McDermott sìn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Cornell ní New York, tí wọ́n sì kọ ìwé lé lórí ní 1956. Wọ́n kó àrùn náà ràn wọ́n, wọ́n sì fún wọn ní oògùn méjì, isoniazid àti pyrazinamide, fún ọ̀sẹ̀ 12. Nígbà tí ó pé, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n lọ ẹ̀dọ̀fóró wọn kúnná, wọ́n fi sínú oúnjẹ tí kòkòrò náà fẹ́ràn, wọ́n sì ń retí kí ó hù. Kò hù, àfi bí ẹni pé àrùn kò wọ inú ẹran náà rí. Àwọn ọkùnrin yìí kò tíì jó, wọn kò tíì yọ̀; wọ́n fi àwọn ìyókù sílẹ̀ láìfún wọn ní oògùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n sì tún yẹ̀ wọ́n wò. Nínú èkúté mẹ́ta, kòkòrò ti jí padà nínú nǹkan bí ẹyọ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kó o ràn án. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní ń gbé: ó ti sùn sínú ẹran ara, bí iná tí ó feérú bojú.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti yí padà. Kì í ṣe bí kòkòrò bá pòórá lọ́jọ́ tí oògùn tán ni a ń wò mọ́, bí kò ṣe bí yóò bá padà wá lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni olùwádìí Jacques Grosset ní Paris ń bi èkúté nígbà tí oògùn rifampicin dé. Nígbà tí a sì dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láàárín 1970 sí 1980, oògùn tí à ń lò fún ọdún kan ààbọ̀ di ti oṣù mẹ́fà.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Ṣùgbọ́n èkúté àti ènìyàn kì í ṣe ọlọ́ya kan náà tán. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tiwa, ẹran a máa jẹrà, a funfun bí wàrà tí ó dì, a sì dá ihò tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ èkúté kì í rí. Èkúté ti jẹ́ kí a ní ìrètí pé oògùn moxifloxacin yóò dín oṣù mẹ́fà kù sí mẹ́rin, àmọ́ nígbà tí àbájáde jáde ní 2014, lára àwọn ènìyàn tí ó lé ní 1,900, àrùn náà padà wá bá àwọn olóṣù mẹ́rin ju àwọn olóṣù mẹ́fà lọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń sin ẹ̀yà èkúté mìíràn tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń jẹrà bíi tiwa, tí wọ́n sì ń wo ti ehoro àti ọ̀bọ mọ́ ọn. Ní 2021 ni oṣù mẹ́rin tó wá ṣeé ṣe, nígbà tí oògùn rifapentine bá moxifloxacin rìn. Ẹ̀mí àwọn ẹran wọ̀nyí kò kéré lójú mi, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń dùn mí bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kú fún bá ṣòfò.

Ìwọ tí ikọ́ rẹ ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Ìwọ tí o sì ti bẹ̀rẹ̀, tí ara rẹ ti yá, mo bẹ̀ ọ́, lo oògùn náà títí iye oṣù tí a kà fún ọ yóò fi pé.